Orúkọ Alàgbà Ìlànà Nínú Ìwé Àwọn Aláìsàn

Ìjọ Presbitéríà tí à ń wí yìí kò tóbi. Bí gbogbo wọn bá pé, tí ẹnikẹ́ni kò rìnrìn àjò, tí òjò kò sì rọ̀, wọn kì í ju ọgọ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kéré tó yẹn, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn. Ewé kan péré ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n á sì tò ó sórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ibẹ̀ lèèyàn á ti mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹni tí yóò ka Bíbélì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé agboòrùn kan tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn láti oṣù mẹ́ta. Àwọn kan wà nínú ìjọ náà tí wọ́n máa ń sùn tí ìwàásù bá ń lọ. Kò sí ẹni tí kì í ka ìwé ìròyìn.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá Atẹ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Ìka rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa á rò pé onísùúrù ni. Kì í ṣe sùúrù. Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kó jáde.

Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà, ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé ìta kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n ń kó ife tíì sí. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó fi ogójì ọdún pò, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ láyà lọ. Ikọ́ mú un, ikọ́ ò lọ. Nígbà tó yá, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, wọ́n wá gbé ibùsùn rẹ̀ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó lè máa rí àwọn tó ń kọjá.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ tirẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti dé láti ìsìn, kò ní béèrè oúnjẹ, kò ní béèrè omi. Ọwọ́ ni yóò nà. Á gba ìwé ìròyìn, á fi awò sójú, á sì ṣí i lọ tààrà sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Ẹ Rántí Wọn Nínú Àdúrà." Á fi ìka wá orúkọ ara rẹ̀ títí á fi rí i.

"Mo ṣì wà níbẹ̀," á wí. "Èmi ni mo gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, Atẹ̀wé."

Ìgbà yẹn ni yóò tó wá ka ìyókù, tí yóò máa bú àwọn akọrin, tí yóò máa béèrè ta ló ni agboòrùn.

Ẹni tó ń yẹ ìwé yìí wò kó tó jáde nígbà náà ni Alàgbà Ìlànà. Nínú Ìjọ Presbitéríà, kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó ń pàṣẹ láti òkè. Àwọn alàgbà tí ìjọ fi ìbò yàn ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló ń bá àlùfáà darí. Alàgbà Ìlànà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà. Onígbàjámọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìkángun títì, àga méjì ló wà níbẹ̀, dígí ńlá kan, àti àwọn táwẹ̀lì tó ká bákan náà bí ìwé. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ wá láti inú ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kan ò ní tíì délẹ̀ tí yóò fi gbé ìka sókè: "Kí ni ìlànà wí?" Bí ìlànà ò bá sì wí nǹkan kan, òun á bá a wí i.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Atẹ̀wé máa ń gbé ìwé lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà á fi bírò pupa fa ìlà sí ibi tó bá wù ú, á tún un kọ, á sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dà á kọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wá dé. Ìyá Atẹ̀wé mú ìwé kan lórí tábìlì, ó yí i padà. Orúkọ ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìkéde kan ló wà: ìjọ ti ra àga oníke tuntun méjìlá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á nílẹ̀.

Ó fi ìwé náà sínú báàgì. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ nawọ́.

"Kò síwèé lónìí," obìnrin náà ní. "Ẹ̀rọ bàjẹ́."

"Ìjọ tiwa? Kò síwèé?" Ọkùnrin náà wò ó lójú. "Atẹ̀wé, o ò mọ irọ́ pa. Mú un wá."

Ó mú un fún un. Ìka ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gòkè, ó tún sọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ awò rẹ̀.

"Àbí mo ti kú ni, tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò tẹ̀ lé e. Ó ṣẹ́ ìwé náà po, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì kọjú sí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Oníbàárà kan wà lórí àga, ọṣẹ bò ó lójú dé imú.

"Ẹ káàárọ̀, Alàgbà. Mi ò rí orúkọ ọkọ mi nínú ìwé."

Alàgbà ò dá abẹ dúró. "Ààyè ni, Ìyá. Ààyè ò sí. Oṣù méje! Àìsàn tó ti pé oṣù méje, ṣé Ọlọ́run ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ ni? Ẹlòmíràn náà ń ṣàìsàn. Ìlànà ni pé ká máa pààrọ̀ orúkọ."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọṣẹ. Ìyá Atẹ̀wé ní, "Mo ti gbọ́, sà," ó sì jáde.

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà ni bíríkìlà kú. Kò sí dókítà tí yóò sọ pé ìwé ìròyìn ló pa á, Ìyá Atẹ̀wé gan-an ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé ogún ọjọ́ ló kù fún ọkọ òun láyé, ó sì lo gbogbo rẹ̀ nínú èrò pé ìjọ ti gbàgbé òun. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, Alàgbà Ìlànà dìde, ó tún táì ṣe, ó sì kà á sétí gbogbo èèyàn pé: "Títí di ọjọ́ ìkẹyìn, ìjọ yìí kò yọ arákùnrin wa kúrò nínú àdúrà."

Obìnrin náà di etí àga iwájú rẹ̀ mú títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Kò sunkún mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó wá bá a gbé lẹ́yìn ìsìnkú, bẹ̀ ẹ́ títí. "Fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí ò tó ohun tí mo lè fi dí I lọ́wọ́."

Kò pẹ́ tí àlùfáà tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ wàhálà. Ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan fún Ìyá Atẹ̀wé, ó ní kó máa tẹ ìwé jáde láti ilé, kò tún sí pé à ń gbé e kiri lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Bí bírò pupa ṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, orúkọ Alàgbà Ìlànà pòórá. Bó bá ka Bíbélì, ìwé ìròyìn á ní, "A ka Bíbélì." Bó bá gbàdúrà, "Àdúrà wáyé." Ó gẹrun ọ̀fẹ́ fún àwọn arúgbó ìjọ lódindi ọjọ́ kan, ohun tí wọ́n rí kà ni pé, "Orí àwọn àgbà wa mọ́ tónítóní." Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, gbogbo ìjọ jẹ kéèkì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn sọ pé ológbò ilé ìjọsìn bí mẹ́rin, dúdú mẹ́ta, funfun kan. Ó sọ àwọ̀ ojú wọn pàápàá. Kò sọ̀rọ̀ kéèkì.

Ọkùnrin náà rìn bá a lẹ́yìn ìsìn. "Ìyá, ẹ gbàgbé ọjọ́ ìbí mi."

"Ààyè ni, Alàgbà," ó ní, ó sì wò ó tààrà sí ojú. "Ààyè ò sí."

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti ta Ìyá Atẹ̀wé lára jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló dá padà fún un, kò sì mọ̀ ọ́n mọ́! Àwọn àgbà ò purọ́: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Obìnrin náà délé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé ọdún méjì ni òun ti fi ń na ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń na òun.

Bó ṣe ń ronú ohun tí yóò ṣe, ọ̀nà là fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí oòrùn mú gan-an, Alàgbà Ìlànà dìde láti ka ìkéde. Ó ń kà á lọ, ó ń fi ìlànà há a láàárín, lójijì ó dákẹ́, ó di àga ìwàásù mú, ó sì ṣubú gbì. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Àwọn dókítà ní ó ti gbàgbé pé òun ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, ó sì tún un lò sí inú òfo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ pe Ìyá Atẹ̀wé lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá wa fi orúkọ Bàbá sínú ìwé àdúrà."

Ìyá Atẹ̀wé ti la ẹnu láti sọ pé ààyè ò sí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Èrò mìíràn ló já lù ú, ó sì dùn débi pé ó ní láti gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ kó má dà á sára.

"Màá fi í síbẹ̀, Ìyàwó Alàgbà," ó ní. "Tọkàntọkàn ni."

Orúkọ Alàgbà ló fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé, ó fi lẹ́tà tó nípọn tẹ̀ ẹ́: "Alàgbà Ìlànà, ẹni tó ṣubú lójijì. Ẹ má dákẹ́ àdúrà." Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ ò kúrò. Lọ́sẹ̀ kẹta: "Alàgbà Ìlànà, kí Olúwa fún eegun rẹ̀ ní okun." Lọ́sẹ̀ kẹrin: "kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n." Ìyá Atẹ̀wé ò kọ irọ́ kankan. Kò kọ ọ́ rí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àdúrà ni, ta ni yóò sì sọ pé àdúrà burú?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Olórí àwọn akọrin wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láti fá irùngbọ̀n. Ó rí abẹ lọ́wọ́ Alàgbà, ó rántí ohun tó kà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rántí ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹnì kan ń dúró de òun nílé. "Ẹ sinmi, Alàgbà. Irùngbọ̀n mi ò tíì gùn." Bẹ́ẹ̀, ó ti gùn dé àyà! Láàárín oṣù mẹ́ta, ìdajì àwọn ọkùnrin inú ìjọ ti ń jọ àwọn wòlíì inú Bíbélì alàwòrán. Bí Alàgbà bá gbé Bíbélì, ẹnì kan á sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dìde nínú ìpàdé, tó gbé ìka sókè, wọn kò ní jẹ́ kó dé orí ìlànà tí wọ́n á fi gbé omi fún un. Ìyá Atẹ̀wé á wà ní ìjókòó tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, yóò máa wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń jẹ súìtì tí kò fẹ́ kó tètè tán.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọkùnrin náà ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ara mi ti yá. Ẹ yọ orúkọ mi."

"Háà, Alàgbà! Ṣé àdúrà ìjọ ti wá pọ̀ jù fún yín ni?"

Àwọn èèyàn ń kọjá. Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó lọ bá àlùfáà. Àlùfáà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní ìfẹ́ ni, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹfà ni ìbò àwọn alàgbà bọ́ sí. Ọdún méjìdínlógún ni Alàgbà Ìlànà ti wà lórí oyè náà, kò sì sí ẹni tó ta kò ó rí. Lọ́jọ́ ìpàdé, ìyá arúgbó kan dìde, ẹni tí kò lẹ́mìí ìkà rárá. "Ọmọ mi àlùfáà," ó ní, "Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹ ò rí i pé àdúrà la fi ń gbé e ró? Ẹ jẹ́ ká fìfẹ́ hàn sí i, kó lọ sinmi."

"Àmín," ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Alàgbà fò dìde. "Ara mi le! Ó le koko!" Ṣùgbọ́n ìbínú mú kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Gbogbo ilé ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Pẹ̀lẹ́, Bàbá. Pẹ̀lẹ́."

Ìbò mẹ́sàn-án ló rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fún un ní kúbùsù onírun kan tí wọ́n ti rà sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá sí ilé Ìyá Atẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà ló ṣílẹ̀kùn, ó fi àga hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbẹ díẹ̀ lóòótọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe mí báyìí," ó ní.

"Èmi kọ́, sà. Ìjọ ló dìbò."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Obìnrin náà sọ fún un. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń tẹ̀wé, láìfi kún un, láìyọ kúrò: orúkọ tó pa rẹ́, oníbàárà tó rẹ́rìn-ín, ogún ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ lórí pósí. Ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá òun ti kú. Ó ti fi ohun tó lé ní ọdún méjì ronú ohun tí ojú ọkùnrin yìí yóò jọ nígbà tó bá gbọ́ ọ.

Ojú náà ò jọ nǹkan kan. Alàgbà kàn ń wò ó. "Mi ò rántí," ó ní. "Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Àga oníke? Mo rántí àwọn àga yẹn. Méjìlá ni wọ́n. Aláwọ̀ ewé ni."

Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì dorí kodò. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀, Alàgbà."

"Ẹ ó wá yọ orúkọ mi lọ́sẹ̀ yìí?"

"Rárá, sà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé oṣù méje."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kí i pó dàbọ̀ bó ṣe yẹ ká kí àgbàlagbà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn pé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí orúkọ náà kò jáde, Ìyá Atẹ̀wé jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà gan-an, ẹni tó ń jókòó ní ìlà kẹta báyìí láàárín àwọn tí kò ní oyè. Ó kọ gbogbo ẹsẹ orin tí wọ́n dá, kò mú ojú kúrò ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, irùngbọ̀n dín kù nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé mìíràn ló ń kọ ìwé ìgbìmọ̀, nígbà tí ìpàdé bá sì rú, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí ìlànà wí.

Bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀.

"Ó balẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé nǹkan tó o ṣe ò dùn ọ́ rárá ni? Àgbàlagbà bí irú ẹni yẹn?"

Ìyá Atẹ̀wé ka ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ara rẹ̀, ó tún un kà.

"Ohun tó dùn mí ni pé kò rántí," ó ní. "Ká ní ó rántí ni, ǹ bá ti yọ orúkọ rẹ̀ ní oṣù kẹrin."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí, ó sì dì í lápá mú, nítorí ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n dúró kó kọjá, wọ́n sì sọdá títì.